Ọ̀rọ̀ Ìkórìíra àti Òmìnira Ẹnu: Ẹ̀kọ́ tí Ìtàn Kọ́ Wa láti Accra dé Kigali

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn baba kan náà ni wọ́n tún wí pé ọ̀rọ̀ kì í gbórín kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu ni a fi í sọ ọ́. Bí a bá gbé òwe méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé gbogbo ọ̀ràn tí a pé jọ lé lórí wà nínú wọn. Òwe kìíní ń kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ lè fa ogun. Òwe kejì ń rán wa létí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi lè parí ìjà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bí kò ṣe kí a jókòó kí a sọ ọ́. Ẹni tí ó bá di ọ̀kan mú, tí ó sì ju èkejì nù, yóò ṣìnà.

Ìbéèrè wa ni èyí: Bí ẹnìkan bá dìde, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí ẹ̀yà kan tàbí sí àwọn ẹlẹ́sìn kan, ǹjẹ́ ó yẹ kí òfin dáàbò bo ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dáàbò bo ẹnu gbogbo ọmọ ìlú, tàbí ó yẹ kí òfin pa á lẹ́nu mọ́? Àwọn kan a máa dáhùn kíákíá pé kí a dì í lẹ́nu kí ó tó ba ìlú jẹ́. Àwọn mìíràn a sì máa dáhùn kíákíá bákan náà pé bí a bá di ẹnu ẹnìkan lónìí, ẹnu tiwa ni yóò kàn lọ́la. Àwa kì yóò kánjú dáhùn. A ó kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè, nítorí ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti jìyà, àwọn mìíràn ti kú, nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ní ìhà méjèèjì.

I. Òfin tí àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní etíkun tiwa. Ní ọdún 1909, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ohun tí òfin náà dè ni ọ̀rọ̀ tàbí ìwé tí ó lè mú kí àwọn ènìyàn kórìíra ìjọba, tàbí kí wọ́n fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìkórìíra. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé òfin ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin náà ń dáàbò bò lọ́wọ́ ìkórìíra kì í ṣe tálákà, kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe ẹ̀yà tí kò ní olùgbèjà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni, ìjọba tí ó ní ọlọ́pàá, tí ó ní ọmọ ogun, tí ó sì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ará Èkó àti àwọn ìwé ìròyìn wọn ké rara sí òfin náà, ṣùgbọ́n igbe wọn kò dá a dúró.

Kò pẹ́ kí a tó rí èso rẹ̀. Ní 1916, a rán James Bright Davies, olóòtú ìwé ìròyìn Times of Nigeria, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 nítorí ohun tí ó kọ nípa ìjọba Lugard. Àgbàlagbà ni ọkùnrin yìí nígbà náà. Kò pe ẹnikẹ́ni jọ láti gbé ìbọn, kò sì sọ pé kí a sun ilé ẹnìkan. Ó kàn kọ̀wé pé ìjọba náà ń ni ènìyàn lára ni. Ní 1928, Herbert Macaulay náà ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ tẹ̀ jáde ní àkókò tí ọ̀ràn Ọba Èṣùgbàyí Elékò ń gbóná. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ ni a fi mú òun, ṣùgbọ́n ìlú mọ̀ pé ẹni tí ó ń ta ko ìjọba ni a mú.

Ẹjọ́ tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Accra, ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1936, ìwé ìròyìn African Morning Post tẹ àròkọ kan jáde tí ó ń béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà ní Ọlọ́run. I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ Sierra Leone, ni ó kọ ọ́. Nnamdi Azikiwe, tí ó di Ààrẹ Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ni olóòtú. Àròkọ náà korò. Ó fi ẹ̀sùn kan Yúróòpù pé ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn àti ipá ni ìwà wọn sí ọmọ Áfíríkà. A fi ọ̀ràn ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ kan àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Azikiwe sílẹ̀ ní 1937, ṣùgbọ́n Wallace-Johnson kò rí ìdásílẹ̀, ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ títí dé iwájú Privy Council, ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ níbẹ̀ rọrùn láti yé ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, a kò lè dá ènìyàn lẹ́bi ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ru àwọn ènìyàn sókè sí ìwà ipá. Níbo ni ìwà ipá wà nínú àròkọ Wallace-Johnson? Ìgbìmọ̀ ọba dáhùn ní 1939 pé òfin Gold Coast dá dúró fúnra rẹ̀, àti pé nínú òfin náà, kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ pe ẹnikẹ́ni sí ìwà ipá kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà tí ó lè jẹ́ ẹ̀tọ́ lẹ́nu ọmọ Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu ọmọ Accra. Bí ó bá ti lè mú kí a kórìíra ìjọba, ó ti tó.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò ṣe é. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ń bẹ tí ọmọdé àti àgbà fi orin bú ẹni tí ó bá wù wọ́n, tí a kò sì ka ẹni ńlá kún ẹni àìbú. Ní ilẹ̀ Kétu àti agbègbè rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde ní òru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì máa fi orin tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ ní gbangba. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò bá gbọ́ èébú aládé rẹ̀ rí, kì yóò mọ ìgbà tí aládé náà di òǹrorò.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí a rí kọ́ nìyí: nígbà tí òfin bá wí pé òun ń lé ìkórìíra kúrò ní ìlú, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, ìkórìíra sí ta ni?

II. Àwọn tí ó wí pé kí a jẹ́ kí gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀

Irú ìrírí yìí ni ó mú kí àwọn kan dé ìparí èrò pé kí òfin yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu pátápátá. Ní ti èyí, kò sí ilẹ̀ tí ó rìn jìnnà tó Amẹ́ríkà. Ní 1964, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clarence Brandenburg, olórí ẹgbẹ́ Ku Klux Klan ní ìpínlẹ̀ Ohio, pe oníròyìn tẹlifíṣọ̀n wá sí ìpàdé wọn lórí oko kan. Àwọn ọkùnrin bo orí, àwọn kan gbé ìbọn dání, wọ́n dáná sun àgbélébùú, wọ́n sì bú àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn Júù. Brandenburg wí pé ó lè di dandan kí àwọn gbẹ̀san. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 1969, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà tú u sílẹ̀. Àwọn adájọ́ wí pé ìjọba kò lè fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó ń fi ẹnu gbé ìwà ipá lárugẹ, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ń darí ènìyàn sí ìwà àìlófin tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ní 1977, ọ̀ràn mìíràn tún dé tí ó dun ènìyàn ju ti ìṣáájú lọ. Ẹgbẹ́ kan tí ń tẹ̀lé ìlànà Hitler, tí Frank Collin jẹ́ olórí wọn, fẹ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n sì tò kọjá ní Skokie, ìlú kan lẹ́bàá Chicago. Ọ̀pọ̀ Júù ni ó ń gbé ìlú náà, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó bọ́ láàyè nínú àgọ́ ikú ti Jámánì. Ẹ fi ara yín sí ipò wọn: o ti sá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó pa ìyá àti bàbá rẹ, o ti la òkun kọjá, o ti kọ́lé, o sì wá gbọ́ pé aṣọ kan náà tí apànìyàn náà wọ̀ ni a ó wọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Síbẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ dá a láre fún ẹgbẹ́ náà. Agbẹjọ́rò tí ó gbèjà wọn, David Goldberger, ọmọ Júù ni òun fúnra rẹ̀. Ìdí tí ó fi ṣe é ni pé òfin tí ó bá lè dí àwọn wọ̀nyí lọ́nà ní Skokie lè dí àwọn ènìyàn dúdú lọ́nà ní ìlú mìíràn nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ náà kò wọ Skokie. Chicago ni wọ́n ti pé jọ ní 1978, àwọn ènìyàn tí ó wá ta kò wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

A gbọ́dọ̀ fi ojú òdodo wo ìdáhùn Amẹ́ríkà yìí. Ó lágbára, nítorí ó gbẹ́kẹ̀lé òwe wa pé ẹnu ni a fi í sọ ọ̀rọ̀. Ó gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ búburú yóò rí ọ̀rọ̀ rere tí yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó wà lábẹ́ ìgbàgbọ́ náà. Ní Skokie, ilé-ẹjọ́ wà tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìwé ìròyìn wà ní oríṣiríṣi. Ọlọ́pàá kì í ṣe ti ẹgbẹ́ Collin. Àwọn tí a bú lè dìde kí wọ́n fèsì, wọ́n sì fèsì. Bí kò bá sí ìwọ̀nyí ńkọ́? Bí ẹni tí ń bú ni bá ní ìjọba lẹ́yìn, tí ẹni tí a ń bú kò sì ní ibi tí yóò ti fèsì?

III. Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Rwanda

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn àgbà sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe, ṣùgbọ́n ní Rwanda ni ìtàn ti jẹ́ kí a mọ bí orúkọ náà ti lè burú tó.

Rwanda jẹ́ ilẹ̀ kékeré olókè ní àárín Áfíríkà. Hútù àti Tútsì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ní 1990, àwọn ọmọ ogun RPF, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Tútsì tí a ti lé kúrò nílé, gbógun wọlé láti Ùgáńdà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Hassan Ngeze dá ìwé ìròyìn Kangura sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, Kangura tẹ òfin mẹ́wàá kan jáde fún àwọn Hútù, èyí tí ó wí fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fẹ́ obìnrin Tútsì, kí wọ́n má ṣe bá Tútsì ṣòwò pọ̀, kí wọ́n má sì ṣe ṣàánú wọn. Ní oṣù Kẹta 1992, rédíò ìjọba ka ìròyìn èké kan pé àwọn Tútsì ti gbìmọ̀ láti pa àwọn aṣáájú Hútù. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní agbègbè Bugesera. Ferdinand Nahimana, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn, ni olórí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba nígbà náà. A yọ ọ́ nípò, ọ̀ràn náà sì parí síbẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. A rí igi náà, ṣùgbọ́n a kò gé e.

Ní 1993, Nahimana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lára wọn Jean-Bosco Barayagwiza tí í ṣe amòfin, dá rédíò tuntun sílẹ̀ tí a ń pè ní RTLM. Ààrẹ Juvénal Habyarimana fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀. Orin dídùn ni rédíò yìí fi fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra. Wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi èdè ojú pópó sọ̀rọ̀. Láàárín ẹ̀rín náà ni wọ́n ti ń pe àwọn Tútsì ní aáyán. Ẹni tí a bá pè ní ọ̀tá, a lè bá a jà, a sì lè bá a rẹ́. Ṣùgbọ́n aáyán, ta ni í bá aáyán rẹ́? Ìtẹ̀pa ni ti aáyán.

Ǹjẹ́ kò sí òfin ni? Òfin wà. RTLM pàápàá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ní 1993 pé òun kì yóò gbé ètò tí ó ń ru ìkórìíra sókè jáde. Mínísítà fún ìròyìn, Faustin Rucogoza, tí òun náà jẹ́ ọmọ Hútù, pe àwọn olórí rédíò náà ní oṣù Kọkànlá 1993 àti ní oṣù Kejì 1994, ó sì kìlọ̀ fún wọn. Wọn kò gbọ́, nítorí àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn lágbára ju mínísítà lọ.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1994, a yìnbọn fún ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ, ó sì kú. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni a pa Rucogoza. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kan náà, Agathe Uwilingiyimana, obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn mínísítà, fẹ́ lọ sí ilé rédíò láti bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọmọ ogun Bẹ́ljíọ́mù 10 ni àwọn apẹ̀tùsíjà rán láti sìn ín lọ. A pa obìnrin náà kí ó tó dé ibẹ̀, a sì pa àwọn 10 náà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tí a kọ́kọ́ pa ni àwọn tí wọ́n lè fèsì. Nígbà tí ẹnu wọn pa rọ́rọ́, rédíò kan ṣoṣo ni ó kù fún ọ̀pọ̀ ará ìlú tí kò mọ̀wé, ohùn rẹ̀ sì ń dún ní ibi ìdènà ojú ọ̀nà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ dúró sí pẹ̀lú àdá. Ó ń ka orúkọ ènìyàn. Ó ń sọ ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Ó ń wí pé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní nǹkan bí 100 ọjọ́, ó ju 500,000 ènìyàn lọ tí a pa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ń ka iye wọn sí 800,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Tútsì ni ó pọ̀ jù, àti àwọn Hútù tí kò fara mọ́ ìpànìyàn náà.

Àwọn kan bẹ Amẹ́ríkà pé kí ó fi ẹ̀rọ dí ohùn RTLM lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè ológun dáhùn ní oṣù Karùn-ún 1994 pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, pé ọkọ̀ òfuurufú tí yóò ṣe é ń jẹ nǹkan bíi dọ́là 8,500 ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn fi òfin àgbáyé ṣe ìdí. Rédíò náà ń sọ̀rọ̀ lọ títí di oṣù Keje, nígbà tí àwọn RPF gba Kigali.

IV. Ìdájọ́ ní Arusha

Ṣé a lè dá ènìyàn lẹ́jọ́ ìpànìyàn nígbà tí kò fi ọwọ́ kan àdá? Ilé-ẹjọ́ kan ti dáhùn ìbéèrè yìí rí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, a mú Julius Streicher wá síwájú àwọn adájọ́ ní Nuremberg ní Jámánì. Láti 1923 ni ó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Der Stürmer, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ba àwọn Júù lórúkọ jẹ́. Kí Hitler tó gba ìjọba ní 1933, a ti gbé Streicher lọ sí ilé-ẹjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a sì ti tì í mọ́lé. Lẹ́yìn 1933, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n di òfin. Ní 1946, a dá a lẹ́bi, a sì so ó rọ̀, nítorí ó ń pè fún pípa àwọn Júù run ní àkókò tí a ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kan náà dá Hans Fritzsche, asọ̀rọ̀ lórí rédíò Hitler, sílẹ̀. Òun náà sọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ṣùgbọ́n a kò fi hàn pé ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn lọ pa ẹnikẹ́ni.

Ilé-ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní Arusha, ní Tàǹsáníà, tẹ ipasẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2003, adájọ́ mẹ́ta tí Navanethem Pillay, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, jẹ́ olórí wọn, dá Nahimana, Barayagwiza àti Ngeze lẹ́bi ìpẹ̀yàrun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2007, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Àwọn adájọ́ wí pé ohun tí RTLM sọ láti oṣù Kìíní 1994 títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ru ìkórìíra sókè, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n a kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó pe ènìyàn tààrà láti pa ẹ̀yà run. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ó pe ènìyàn tààrà. Wọ́n dín ìyà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kù: Nahimana gba ọdún 30, Barayagwiza ọdún 32, Ngeze ọdún 35. Benin, aládùúgbò wa, ni Barayagwiza ti ń ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 2010.

Ìdájọ́ yìí kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn, ìrora wọn sì yé wa. Wọ́n ń béèrè pé, ẹni tí ó ń da epo sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, ṣé ọjọ́ tí ó ṣáná sí i nìkan ni ó ṣẹ̀? Àwa náà bi ara wa ní ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n a gbà pé àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ òtítọ́ kan tí ó ṣòro láti gbọ́: ààlà wà láàárín ọ̀rọ̀ tí ń kórìíra àti ọ̀rọ̀ tí ń pàṣẹ ikú, ẹni tí ó bá sì pa ààlà náà rẹ́ yóò fi ohun ìjà burúkú lé ọwọ́ àwọn tí yóò ṣèjọba lẹ́yìn rẹ̀.

V. Nígbà tí oògùn di àrùn

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní Rwanda kan náà ni ẹ̀rí wà. Lẹ́yìn ìpẹ̀yàrun, ìjọba tuntun ṣe òfin ní 2001 lòdì sí ìyapa, ó sì ṣe òmíràn ní 2008 lòdì sí ohun tí ó pè ní èrò ìpẹ̀yàrun. Ta ni yóò bá ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti rí irú ikú bẹ́ẹ̀ wí? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú òfin náà gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba ẹni tí ó kàn ń ta ko ìjọba mọ́ra. Victoire Ingabire, aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò, padà wálé ní 2010 láti díje fún ipò ààrẹ. Ní ibi ìrántí àwọn òkú, ó sọ pé ó yẹ kí a rántí àwọn Hútù tí a pa pẹ̀lú. A mú un, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì di ọdún 15 ní 2013. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn wí pé Rwanda ti tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 2018 ni a tú u sílẹ̀ nípa àánú ààrẹ.

Ní ilé tiwa ńkọ́? Arthur Nwankwo kọ ìwé kan ní 1982 tí ó fi bá gómìnà ìpínlẹ̀ Anambra wí. Òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wí ní 1983 pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti orílẹ̀-èdè olómìnira mu. Síbẹ̀, ní 2019, a gbé àbá òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Abuja lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, nínú èyí tí a ti dá a lábàá pé kí a so ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fa ikú rọ̀. Ariwo ìlú pọ̀, àbá náà kò sì di òfin. Àwọn tí ó pariwo kò fẹ́ràn ìkórìíra. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni pé ọwọ́ tí yóò di okùn náà mú, ọwọ́ ìjọba ni.

VI. Ìparí ọ̀rọ̀

Ǹjẹ́ kí ni a ó wá wí? Àwa kò gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí òfin dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ ènìyàn fún àwọn tí ó mú àdá lọ́wọ́ kò sọ èrò ọkàn rẹ̀; ó ń dẹ ọdẹ ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di apá kan nínú àdá náà, kí a sì dá a lẹ́jọ́ bí a ti ń dá ẹni tí ó mú àdá lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pẹ̀lú pé kí a fi òfin mú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá burú létí wa. Kí a tó gbé òfin dìde sí ẹnu ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ta ni ọ̀rọ̀ náà dojú kọ? Bí ó bá jẹ́ ìjọba àti àwọn alágbára, kí wọ́n fara dà á, nítorí ìyẹn wà lára owó tí a fi í ra oyè. Èkejì: kí ni ọ̀rọ̀ náà ń pè fún? Bí ó bá jẹ́ èébú, kí a fi ọ̀rọ̀ dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ ìpè sí ìpalára, òfin ni yóò dáhùn. Ẹ̀kẹta: ta ni yóò ṣe ìdájọ́? Bí kò bá jẹ́ adájọ́ tí kò bẹ̀rù aládé, kí a má ṣe fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá dúró títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ìpè sí ikú, ǹjẹ́ kì yóò ti pẹ́ jù? Òtítọ́ ni, òfin a máa pẹ́. Ìdájọ́ Arusha dé lẹ́yìn ọdún 9, kò sì jí òkú kan dìde. Nítorí náà ni a fi wí pé iṣẹ́ tí ó wà láàárín ọjọ́ èébú àti ọjọ́ àdá kì í ṣe ti òfin nìkan. Iṣẹ́ ẹni tí ń fèsì ni. Òfin wà ní Rwanda, àdéhùn wà, ìkìlọ̀ wà. Ohun tí kò sí ni agbára lẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ fèsì. Kì í ṣe pé òmìnira ọ̀rọ̀ pọ̀ jù ní ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹrin 1994. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní òmìnira, ẹnu ìyókù sì wà lábẹ́ àdá. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìkórìíra mọ èyí ju àwa lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ pa Rucogoza, tí wọ́n sì pa Uwilingiyimana kí ó tó dé ilé rédíò.

Iṣẹ́ tiwa nígbà náà ni kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnu tí ń fèsì kú láàárín wa. Nígbà tí a bá gbọ́ tí a ń pe ẹ̀yà kan ní kòkòrò lọ́jà, nínú ọkọ̀, tàbí ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́, kí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà tí ń bú ni kọ́kọ́ dìde kí ó wí pé, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ Hútù ni Rucogoza, ọmọ Hútù ni Uwilingiyimana. Àwọn ènìyàn tiwọn ni wọ́n dá lóhùn. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní kùtùkùtù lè gbà á kí ó tó balẹ̀.